Àgbò Lábù àti Ọ̀fun Mọ́ríámọ̀

Ọ̀fun ènìyàn ni mo fi jẹun fún ọdún márùndínlógójì. Kì í ṣe pé mo kọrin o. Ohùn mi kò dùn rárá, àwọn ọmọ mi sì máa ń bẹ̀ mí pé kí n dákẹ́. Iṣẹ́ àyẹ̀wò ni mo ṣe nílé ìwòsàn kan níbí ní Ẹdẹ. Bí ọ̀fun bá ń dun ẹnìkan, bí egbò rẹ̀ bá ń ṣọyún, lábù wa ni wọ́n ń gbé ohun tí wọ́n bá nù níbẹ̀ wá, èmi ni n ó sì sọ irú kòkòrò àìfojúrí tó wà nínú rẹ̀ fún dókítà. Àwọn ọmọ tó ń parí ilé ẹ̀kọ́ girama máa ń wá bá mi ní agboolé wa báyìí. Wọ́n á ní, "Màmá Lábù, ṣé iṣẹ́ yín yẹn dára? Ṣé kí n lọ kọ́ ọ?" Ó dára. Mo tún un sọ, ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó gbọ́ gbogbo rẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ gba fọ́ọ̀mù.

Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ kò lọ́rọ̀ nínú. Mo kàwé, mo yege, wọ́n pè mí, mo lọ. Owó oṣù náà kò pọ̀, a sì jẹun. Ẹni tí ọ̀rọ̀ pọ̀ lórí wọn ni Ọ̀gá Bánkọ́lé, tí wọ́n jẹ́ olórí lábù nígbà náà. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n. Aṣọ funfun wọn máa ń le gbagidi nítorí sítáàṣì, wọn kì í sì í rẹ́rìn-ín kí aago méjì ọ̀sán tó lù. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo rò pé maikirosíkóòpù, awò tó ń sọ kékeré di ńlá, ni wọn yóò gbé síwájú mi. Bàsíà àti ọṣẹ ni wọ́n gbé fún mi.

"Ráfíátù, ṣé o rí àwọn àwo wọ̀nyẹn?"

"Mo rí wọn, sà."

"Fọ̀ wọ́n."

Oṣù márùn-ún ni mo fi fọ àwo. Àwo gíláàsì la ń lò nígbà yẹn. A ó fọ̀ wọ́n, a ó fi ooru pa kòkòrò ara wọn nínú ìkòkò irin lórí sítóòfù, a ó sì da oúnjẹ kòkòrò sínú wọn. Oúnjẹ yìí máa ń dì bí ẹ̀kọ tútù. Ohun tí a bá fi òwú nù lọ́fun aláìsàn la ó fà sórí rẹ̀, a ó gbé e sínú àpótí tó móoru, bó bá sì di ọjọ́ kejì, kòkòrò tí ojú kò rí lánàá á ti hù di àmì kéékèèké tí ojú ń rí. Bí ọṣẹ bá ṣẹ́kù lára ẹyọ àwo kan, Ọ̀gá á gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á sì da gbogbo àwo ọjọ́ náà padà sínú bàsíà. Kì í ṣe ẹyọ kan yẹn o, gbogbo rẹ̀ ni. Mo sunkún lọ́pọ̀ ìgbà. Mo sì bú wọn nínú mi ju bó ṣe yẹ kí ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé bú àgbà lọ.

Nígbà tí wọ́n wá jẹ́ kí n fojú kan maikirosíkóòpù, kò ní iná. Dígí kékeré kan ló wà lábẹ́ rẹ̀, oòrùn ojú fèrèsé la fi ń ríran. Bí ojú ọjọ́ bá ṣú, iṣẹ́ dúró nìyẹn.

"Kí lo rí?"

"Kòkòrò burúkú ni, sà."

"Ta ló bi ọ́ léèrè ìwà rẹ̀? Báwo ló ṣe rí?"

"Ó rí roboto, sà. Wọ́n so mọ́ra wọn bí ìlẹ̀kẹ̀."

"Yà á sínú ìwé rẹ."

Kòkòrò onílẹ̀kẹ̀ yìí ni kẹ́ ẹ fi sọ́kàn, torí òun ló ni ìtàn yìí. Ọ̀fun àwọn ọmọdé ló fẹ́ràn jù. Láti dá a mọ̀, a máa ń po ẹ̀jẹ̀ mọ́ oúnjẹ inú àwo, nítorí bó bá hù lórí ẹ̀jẹ̀, ó máa ń tú u, àyíká rẹ̀ á sì mọ́ gaara. Ẹ̀jẹ̀ ènìyàn kì í fi í hàn dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ àgùntàn tàbí àgbò ló yẹ iṣẹ́ náà, ìdí nìyẹn tí lábù wa fi ní àgbò kan lẹ́yìnkùlé. Alága la sọ ọ́, nítorí irùngbọ̀n rẹ̀ àti bó ṣe máa ń wo ènìyàn bíi pé a pẹ́ dé ìpàdé.

Bàbá Rájí ló ń tọ́jú Alága. Láti ìlú Ara ni bàbá náà ti ń gun kẹ̀kẹ́ wá ní àràárọ̀. Ìwé ìjọba sọ pé koríko ni wọ́n ń gé, ṣùgbọ́n àwọn náà ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, àwọn náà ló ń tún ẹ̀rọ omi ṣe, bí adìyẹ tàbí ewúrẹ́ ẹnikẹ́ni bá sì ń ṣàìsàn, àwọn náà ni wọ́n ń pè. A kò ka èyí sí nǹkan kan. A fẹ́ràn wọn, ó tán.

Òfin méjì ni Ọ̀gá fi há mi lórí. Àkọ́kọ́ ni pé tí a bá ṣe àwo ẹlẹ́jẹ̀ tuntun, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbin kòkòrò tí a ti mọ̀ sórí ọ̀kan nínú wọn. Bó bá hù bó ṣe yẹ, a ó lo ìyókù fún aláìsàn. Bí kò bá hù, a ó da gbogbo wọn nù. Odidi ọjọ́ kan ni ìdánwò yìí ń gbà. Èkejì nìyí: ọ̀fun ènìyàn kì í ṣófo. Kòkòrò tí kì í ṣe wá ní ibi máa ń wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, àwọn náà sì gbọ́dọ̀ hù. Ọ̀gá á ní, "Bí àwo bá mọ́ tónítóní, má yọ̀. Àwo yẹn gan-an ni kó o kọ́kọ́ fura sí."

Mo mọ òfin méjèèjì lórí. Mo máa ń kà wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá lẹ́yìn mi, pẹ̀lú ohùn gíga.

Ó tó ọdún kẹwàá mi lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí Ọ̀gá lọ sí ìsinmi, wọ́n sì fi lábù sílẹ̀ fún mi. Ọ̀sẹ̀ Iléyá ni. Ẹ̀yin tó mọ Ẹdẹ, ẹ mọ bí ó ṣe máa ń rí. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ti ra àgbò wọn sílẹ̀ máa ń so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ Alága, torí koríko wà níbẹ̀, Bàbá Rájí sì wà níbẹ̀. Àgbò méje ni mo kà lọ́dún yẹn, tèmi náà wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ló gbé ikọ́ wọlé.

Àwo ẹlẹ́jẹ̀ tán lọ́wọ́ wa nígbà tí ọdún ku ọjọ́ mẹ́ta. Mo fa ẹ̀jẹ̀ lọ́rùn Alága, mo ṣe àwo tuntun, wọ́n dì dáadáa, wọ́n pọ́n fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Òwú ọ̀fun àwọn aláìsàn ti ń dúró. Bí mo bá dán àwo wò, ọjọ́ kan á lọ, ìsinmi á sì wọlé. Mo sọ fún ara mi pé, "Ṣé kì í ṣe Alága kan náà ni? Ọdún mélòó la ti ń lo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀?" N kò dán an wò.

Lára àwọn tí mo lo àwo náà fún ni ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án kan láti Alájùẹ, Mọ́ríámọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ tó ń gbin ẹ̀gẹ́ ló mú un wá. Ara ọmọ náà gbóná, ọ̀fun rẹ̀ pọ́n bí ata, kò lè gbé itọ́ mì. Lọ́jọ́ kejì, mo ṣí àpótí, àwo rẹ̀ mọ́. Àwo gbogbo wọn ló mọ́. Inú mi dùn! Mo rò pé Ọlọ́run ló ṣàánú wọn nítorí ọdún. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé kò sí kòkòrò tó ń fa àrùn. Dókítà ka ohun tí mo kọ, ó sì gbà mí gbọ́. Ó fún ọmọ náà ní oògùn ara ríro, ó ní kó máa fi omi iyọ̀ fọ ọ̀nà ọ̀fun, kó lọ ṣọdún.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni mo rí wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá náà pọn ọmọ ọlọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Orúnkún ọmọ ti wú, ó ń mí gúlegúle bí ẹni tó sáré. Dókítà gbé ohun èlò tí wọ́n fi ń gbọ́ ìró ọkàn sí i láyà, ó pẹ́ níbẹ̀, ó sì bojú jẹ́. Ó ní àìsàn ọ̀fun yẹn ni a kò pa kó tó ba ọkàn jẹ́.

Mo padà sí lábù, mo ṣí ìwé èsì. Mọ́kànlá ni wọ́n, mọ́kànlá ni mo kọ pé kò sí. Kò sí kòkòrò burúkú, kò sí èyí tí kò burú pàápàá. Ọ̀fun mọ́kànlá tó ṣófo! Ojú mi là, ó sì pẹ́ kó tó là: ẹ̀jẹ̀ inú àwo mi ni nǹkan ṣe. Mo jáde lọ bá Bàbá Rájí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ fún Alága ní nǹkan kan kí ọdún tó dé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mo fún un! Gbogbo wọn ni mo gún lábẹ́rẹ́. Ikọ́ ló fẹ́ pa wọ́n. Ìwọ náà wò ó, Ráfíátù ọmọ mi, ṣé ọ̀kan kú nínú wọn? Àgbò tìrẹ náà, ṣebí o jẹ ẹ́?"

"Abẹ́rẹ́ wo ni, Bàbá?"

Wọ́n wọ yàrá kékeré wọn, wọ́n mú ìgò náà jáde, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó ń dúró de oríyìn. Penisilíìnì ni. Orí koríko níbẹ̀ ni mo jókòó sí.

Oògùn tó ń pa kòkòrò ọ̀fun gan-an ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí mo fi ṣe àwo. Kòkòrò kú lórí àwo mi, ó sì wà láàyè lọ́fun Mọ́ríámọ̀. Bàbá Rájí kò ṣẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn ẹran, wọ́n sì tọ́jú ẹran. Ẹni tí wọ́n gbé òfin fún ni mí, èmi ni mo fò ó.

Ọ̀gá ti dé láti ìsinmi nígbà náà. Mo wọlé tọ̀ wọ́n, mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́ láì bò ó. Mo ti múra sílẹ̀ fún ariwo. Wọn kò pariwo, ìyẹn ló dùn mí jù.

"Ènìyàn mélòó?"

"Mọ́kànlá, sà."

"Dìde, gbé ìwé yẹn wá. A ń lọ wá wọn."

Ọ̀kadà la gùn kiri. A wọ agboolé, a wọ oko, a dé Ara. A rí àwọn mẹ́wàá tó kù. A tún nù wọ́n lọ́fun, a lo àwo tí a ti dán wò, kòkòrò onílẹ̀kẹ̀ sì wà lára mẹ́ta nínú wọn. Wọ́n gba abẹ́rẹ́, ara wọn yá. Nígbà tí a parí, Ọ̀gá ní, "Ó ku Ìyá Mọ́ríámọ̀. Ìwọ lo máa sọ fún wọn. N kò ní bá ọ sọ ọ́."

Mo bá obìnrin náà lẹ́bàá ibùsùn ọmọ rẹ̀. Mo ṣàlàyé àgbò, mo ṣàlàyé àwo. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Àǹtí, ṣé ẹ̀yin lẹ gún àgbò lábẹ́rẹ́?"

"Rárá, èmi kọ́."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Ìdánwò kan wà tó yẹ kí n ṣe, mi ò ṣe é. Mo ń kánjú."

Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wò mí. Ó ní, "Dókítà ní oṣooṣù ló máa gba abẹ́rẹ́ títí tó fi máa dàgbà, kí kòkòrò yẹn má baà padà wá pa á. Oko ni mo wà láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ̀yin lẹ ó máa wá mú un lọ. Ẹ ò gbọdọ̀ pa oṣù kan jẹ. Bẹ́ ẹ bá pa á jẹ, n ó wá sí lábù yín, gbogbo ayé á sì gbọ́."

Mo ní, "Mo gbà, Ìyá Mọ́ríámọ̀."

N kò pa oṣù kankan jẹ. Mo bímọ láàárín ẹ̀, mo ṣòpó ọkọ mi, n kò pa á jẹ. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá pé, n ó gun ọ̀kadà lọ sí Alájùẹ pẹ̀lú ẹ̀pà sísun nínú báàgì, torí abẹ́rẹ́ yẹn ń dun ni wọ eegun. Ọmọ náà kì í sunkún, ó máa ń béèrè ni. "Àǹtí, kí ló gbé kòkòrò ọ̀fun dé ọkàn mi?" Ohun tí wọ́n kọ́ mi ni mo sọ fún un: pé inú kòkòrò ní àwọn òṣìṣẹ́ tí à ń pè ní purotéènì, pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣe, ti ọ̀fun lọ́tọ̀, ti ọkàn lọ́tọ̀. Ó fojú wò mí báyìí, mo mọ̀ pé kò gbà.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó gun ọ̀kadà lẹ́yìn mi lọ́jọ́ kan títí a fi dé ilé ìwòsàn. Ó wá ní, "Ìyá mi ti sọ ọ́ fún mi."

Mo ní, "Ṣé o bínú?"

"Mo bínú, mà. Ẹ jẹ́ ká lọ gba abẹ́rẹ́."

Láàárín àkókò yìí, iṣẹ́ wa ń yí padà. Àwo ike rọ́pò ti gíláàsì. Sólà rọ́pò sítóòfù. Maikirosíkóòpù oníná dé, lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń ka orúkọ kòkòrò jáde fúnra rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan bẹ̀rù. Èmi kò bẹ̀rù, mo jókòó ti àwọn ọmọ kéékèèké, mo kọ́ ọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rọ dẹ́rù bà yín. Ẹ̀rọ kò mọ̀ bóyá àgbò gba abẹ́rẹ́. Ní ti Alága, pátákó kékeré kan ló gbé sọ́rùn títí tó fi kú: "Ẹ má fún mi lóògùn. Ẹ bi lábù." Bàbá Rájí fúnra wọn ló so ó mọ́ ọn.

Mọ́ríámọ̀ lọ sí yunifásítì níbí ní Ẹdẹ, ó kọ́ iṣẹ́ tèmi, ó sì kọ́ ọ jù mí lọ. Lọ́jọ́ kan ó wọlé wá, inú rẹ̀ ń dùn bí ọjọ́ ọdún.

"Màmá, ẹ rántí òṣìṣẹ́ kan, iṣẹ́ kan?"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ wa."

"Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Purotéènì kan wà nínú kòkòrò yẹn tó ń bá a fọ́ ṣúgà kó lè rí agbára. Inú lọ́hùn-ún ni gbogbo ayé rò pé ó ń gbé. Wọ́n wá bá a níta, lára rẹ̀, ó di ọ̀fun ènìyàn mú! Ó tún ń fa ohun tí ara wa fi ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì mọ́ra, kòkòrò á fi ìyẹn lànà wọ inú ẹran ara. Òmíràn wà lára rẹ̀ bí irun. Ó ń bá a lẹ̀ mọ́ ọ̀fun, kì í sì í jẹ́ kí àwọn ọmọ ogun ara gbé e mì. Apá kan nínú rẹ̀ wá jọ ohun tó wà nínú iṣan ọkàn. Bí àwọn ọmọ ogun ara bá ti kọ́ láti bá a jà, wọ́n lè kọjú sí ọkàn pẹ̀lú, wọ́n á pè é lọ́tàá." Ó fọwọ́ kan àyà rẹ̀. "Kòkòrò yẹn kò ní láti dé ibí, Màmá. Ara èmi fúnra mi ló na ọkàn mi."

Bàbá Rájí ló sọ sí mi lọ́kàn. Iṣẹ́ mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ wọn lábẹ́ imú wa, àwa sì ń pè wọ́n ní agékoríko. Bí mo bá ti ka ìṣègùn ẹran mọ́ iṣẹ́ wọn, ǹ bá ti béèrè kí n tó fa ẹ̀jẹ̀. Ohun tí mo ń sọ fún ẹ̀yin ọmọ tó ń wá sọ́dọ̀ mi nìyẹn: ẹ má wo ohun kan lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ ní ẹ ti mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Iṣẹ́ yìí fẹ́ ẹni tó ń béèrè. Bẹ́ ẹ bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ wá, ẹ ó gbádùn rẹ̀. Èmi gbádùn rẹ̀.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, Mọ́ríámọ̀ sì ni olórí lábù. Ọkàn rẹ̀ ṣì ń dún lọ́nà tí kò yẹ kó fi dún, kò lè sáré, ṣùgbọ́n ó wà láàyè, ó lọ́kọ, ó ń bá mi jiyàn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀fun ọmọ-ọmọ mi pọ́n, ara rẹ̀ gbóná. Mo gbá a mú, kẹ̀kẹ́ Màrúwá gbé wa délé ìwòsàn. Mọ́ríámọ̀ nu ọmọ náà lọ́fun, ó fi òwú náà pamọ́.

Mo ní, "Gbìn ín nísinsìnyí. Mo rí àwo tuntun lórí tábìlì yẹn."

"Àárọ̀ yìí la ṣe wọ́n, Màmá. Mo ti gbin kòkòrò sórí ọ̀kan. Ọ̀la ni n ó mọ̀."

"Mọ́ríámọ̀, ọmọ-ọmọ mi ni o! Ara rẹ̀ ń gbóná. Lo ọ̀kan fún un, ẹ̀ẹ̀kan péré yìí."

Ó gbé àwọn àwo náà kúrò níwájú mi, ó tì wọ́n mọ́ inú àpótí, ó sì wá jókòó tì mí.

"Ẹ mú un lọ sílé, Màmá. Ẹ máa fi omi tútù nù ún lára. Ọjọ́ kan kò ní pa á lára. Ẹ padà wá lọ́la."

Mo wo ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo pọn ọmọ, mo lọ sílé, mo sì padà lọ́jọ́ kejì.